Aago Tó Ń Gbọ́ Òórùn

Houston ni mo ti ra ọkọ̀ náà,
píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ.
Létí òkun lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ dán.
Mo wà á gòkè, mo wà á gòkè,
títí a fi dé Laramie ní Wyoming,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.
Èéfín dúdú tẹ̀ lé wa wọ ìlú
bí ajá tí ẹnikẹ́ni ò pè.

Wendell, aládùúgbò mi, olówò màlúù,
dúró lẹ́nu ọgbà, ó ṣí fìlà, ó dá a padà sórí.
"Ọkọ̀ yẹn ò ṣàìsàn," ló wí.
"Afẹ́fẹ́ ló wọ́n níbí, epo rẹ ò sì tíì mọ̀."

Ohun tó bá wọ́n là ń wọ̀n.
Mo ra aago.
Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí nínú òtútù oṣù kẹrin,
mo lu ihò sára sàlẹ́ńsà,
Wendell jó nọ́ọ̀tù kan mọ́ ẹnu ihò,
mo de imú aago mọ́ ọn:
imú kékeré tí kò mọ òórùn méjì,
afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iná nìkan ló mọ̀.

Mo ṣáná. Ẹ́ńjìnnì mí, ó mì, ó mì tìtì.
Nọ́ńbà pupa yọ lójú aago:
mẹ́wàá àti díẹ̀.
Afẹ́fẹ́ mẹ́wàá péré ló bá epo kan wọlé,
níbi tó yẹ kí mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá ti wọlé.
Àṣejù epo, baba èéfín.

Mo pe bàbá mi ní Ìkirè.
Ogójì ọdún ló fi tú kabúrétọ̀ létí títì,
kò ní aago kankan ju etí rẹ̀ lọ,
àti imú, àti púlọ́ọ̀gì tó máa ń gbé sójú oòrùn
bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.
Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì.
Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.
"Àwẹ̀ró, epo ti gbé e mì. Dín jẹ́ẹ̀tì kù."
Mo wo aago. Aago ò jiyàn.

Mo tú u. Jẹ́ẹ̀tì idẹ, kò ju èékánná lọ,
abẹ́rẹ́ nìkan ló lè gba ihò rẹ̀ kọjá.
Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Mo fi èyí tó fi ìwọ̀n mẹ́ta kéré rọ́pò rẹ̀.
Síkúrù ẹ̀gbẹ́, mo yí i dé ìlàjì,
mo dúró,
mo dá a padà díẹ̀.
Méjìlá. Méjìlá àti ààbọ̀.
Mẹ́tàlá.
Ọkọ̀ náà wá mí bí ọmọ tó sùn.

"Ó ti dáa," ni bàbá mi wí. "Pa á dé."

N kò pa á dé.
Mo wà á lọ sí ọ̀nà òkè tó lọ sí Cheyenne,
mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
nọ́ńbà fò: mẹ́rìndínlógún.
Ohùn ọkọ̀ ò yí padà o, dídùn ló ń dùn.
Ebi epo ń pa á, kò sì ké.
Irú ebi bẹ́ẹ̀ ló máa ń yọ́ písítìnnì bí òrí.

Mo páàkì. Ìjì ń gbá ilẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀.
Mo dá ìwọ̀n kan padà fún jẹ́ẹ̀tì,
ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bẹntiróòlù ń ta mí lára èékánná.

Lálẹ́, mo sọ fún un.
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé owó ti tán lórí fóònù.
"Píjò ọ̀gá tíṣà," ló wí,
"èyí tó kú lójú ọ̀nà Ifẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.
Ohùn rẹ̀ dùn nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi.
Wọ́n ní epo ayédèrú ni.
Èmi náà ní epo ayédèrú ni."

Ó tún dákẹ́.
"Aago yẹn," ló wí, "èló ni wọ́n ń tà á?"